Ẹ Kú, Ẹ Yè, Ẹ Kún

Ìgbà kan wà tó di èèwọ̀ ní ẹ́sítéètì wa ní Mòwé láti kí èèyàn pé "ẹ kú". Bí o bá jáde láàárọ̀ tí o bá aládùúgbò rẹ níbi tó ti ń fọ mọ́tò, "Ẹ yè àárọ̀" lo gbọ́dọ̀ wí. Bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, "Ẹ yè iṣẹ́". Bó bá fẹ̀yìn ti ògiri tí kò ṣe nǹkan kan, "Ẹ yè ìjókòó". Bí o bá gbàgbé ara rẹ tí "ẹ kú" bọ́ lẹ́nu rẹ, onítọ̀hún á pa ojú dé, á gbọn èjìká bí adìẹ tí òjò pa, á ní òun ò gbà á lórúkọ Jésù, á sì kọjá lọ láì dáhùn. Àwọn mìíràn máa ń dá a padà sórí ẹni tó wí i. Ikú tí wọ́n ti dá padà sórí mi ní géètì yẹn pọ̀ tó èyí tó lè pa odidi abúlé, mo sì wà láàyè tí mò ń kọ èyí.

Alága ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù wa ló gbé òfin náà kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan ní Èkó ló ti fẹ̀yìn tì, ó sì wá kọ́lé sí Mòwé bíi ti gbogbo àwa tí Èkó ti tu dànù. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ ọ̀hún ló bà á jẹ́. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ibi tí jàǹbá lè gbà dé bá èèyàn, bó bá fẹ̀yìn tì tán, kí ló tún kù tó lè ṣe ju kó máa wá jàǹbá nínú ọ̀rọ̀ ẹnu? Kò kọ́ ìmọ̀ èdè níbì kankan. Ohun tó ní ni àsìkò àti dátà. Láràárọ̀ ló ń fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwọn lánlọ́ọ̀dù, ó pe ètò náà ní "Ìjìnlẹ̀ Ọ̀rọ̀", ó sì máa ń fi ẹnu sún mọ́ fóònù débi pé ẹ ó máa gbọ́ bí itọ́ ṣe ń gba ọ̀fun rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ò le. Á mú gbólóhùn kan tí gbogbo ayé ń sọ, á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ilá, á wá yẹ ẹ́ wò bóyá ikú, òṣì tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó sì máa ń rí i, nítorí ẹni tó bá ń wá eegun nínú ẹja kì í wá a tì. "Ebi ń pa mí" ò dára, torí pé pípa wà níbẹ̀: ẹ sọ pé "Ebi ń bẹ̀ mí wò". Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: ó ní ta ló fi owó ṣe apànìyàn? Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́, "Mo le koko" ni kó wí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan ní òpópónà kejì ṣe le koko títí wọ́n fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ní Ìbàfo. "Ó dàárọ̀" náà di èèwọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń sọ ọ́ fún òkú. Bí a bá parí ìpàdé lálẹ́, ńṣe la máa ń wo ara wa lójú bí ẹni tó jí adìẹ, kálukú á wá yọ́ lọ sílé rẹ̀.

Kò fi orúkọ ìlú sílẹ̀. Ó ní Mòwé túmọ̀ sí "mọ̀wé", pé àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó ti rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló máa gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó ń sọ èyí lójú pátákó ẹgbẹ́ wa tí wọ́n kọ "ẹ má da ilẹ̀ síbí" sí lára, tí gbogbo àwa ọ̀mọ̀wé sì ń da ilẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìbàfo ní tirẹ̀ jẹ́ ibi tí áńgẹ́lì kan ti bà kó tó fò. Mo mọ títì márosẹ̀ níwájú Ìbàfo dáadáa. Bí áńgẹ́lì bá bà síbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kò ní rí àyè fò.

Èmi kọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì, ìyẹn ni pé mo lè sọ orúkọ gbogbo ohun tí ahọ́n ń ṣe lẹ́nu àyàfi bó ṣe ń rí oúnjẹ jẹ. Ohun tí mo kó ti ibẹ̀ bọ̀ ò pọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé "kú" inú ìkíni ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú pósí. Yorùbá fi ń kí òjò, ó fi ń kí oòrùn, ó fi ń kí ẹni tó jókòó, ẹni tó dìde, ẹni tó rìn ín pẹ̀lú ẹni tí kò rìn ín. Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá? Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ á ní òun ò mọ̀ dájú. Ìdí nìyẹn tí òótọ́ kì í fi í jìnnà, torí pé kò sẹ́ni tó ń fi "mi ò mọ̀" ránṣẹ́ síwájú lórí Wásáàpù. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún Alága pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n dé Sàró láyé àtijọ́, "Akú" ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí pé "ẹ kú" kì í kúrò lẹ́nu wọn, ìran wọn sì wà níbẹ̀ dòní, wọn ò kú. Ó rò ó díẹ̀, ó bi mí bí wọ́n ṣe dé Sàró. Mo ní wọ́n ti kó wọn lẹ́rú tẹ́lẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Pròfẹ́sọ̀, ẹ ti dáhùn ara yín. Ìkíni yẹn ló sọ wọ́n dẹrú."

Pròfẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí ní ẹ́sítéètì. Bí wọ́n bá ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò ní í gbọ́ ohun tó bá wí.

Ǹ bá ti fi Alága sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyè rẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àbúrò mi obìnrin. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e wá sí Ìbàfo, ọ̀dọ̀ wa ní Mòwé ló sì ń gbé. Láàárín ilé wa àti ibi tó ti ń wọkọ̀ ló ti pàdé ọmọkùnrin Alága. Ọmọ náà ní làákàyè ju bàbá rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè fi ìyẹn yìn ín gan-an. Wọ́n fẹ́ ara wọn tọkàntọkàn. Wọ́n ti sọ fún ìyá àbúrò mi, ìyá ti gbà. Ó ku Bàbá.

Bàbá ni bàbá tó bí bàbá àbúrò mi, àgbàlagbà télọ̀ ní Ifọ̀, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ojú irin. Àbúrò mi ò tíì tó ẹni tó ń lọ sílé ìwé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Àgbàdo, òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ń jáde, nítorí náà bàbá àgbà ló ń wẹ̀ fún un, òun ló sì ń di irun orí rẹ̀. Ọkùnrin tó lè rán aṣọ tó gún régé ni, síbẹ̀ bó bá dirun tán, orí ọmọ náà á dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un dì. Ó sọ fún mi ní ilé ìdáná wa pé, "Bùrọ̀dá, bí Bàbá bá ní rárá, mi ò lọ síbì kankan. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́, mi ò ní sá lọ. Mo ti sọ fún un."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Gbogbo rẹ̀ wá kù sí bí Alága bá lè pa ẹnu mọ́ fún ọ̀sán kan péré.

Ẹ má rò pé Bàbá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn tó ń ṣe Alága ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ kejì ló kàn ti mú un. Kò sí àkànlò èdè kan nílẹ̀ Yorùbá tí kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní lágbájá gba ẹ̀bùrú, Bàbá á ní Ẹ̀bùrú ni orúkọ ọ̀nà ọdẹ tí bàbá bàbá òun là sẹ́yìn ojú irin. Bí a bá ní ẹnì kan fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàbá bàbá òun yìí náà ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, nígbà tí àwọn agbowó orí dé. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bí àwọn ará Ìlọrin àti ti Kétu ṣe wá mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní, "Ṣebí rélùweè ló gbé e lọ." Ó sì dá a lójú. Ọkọ̀ ojú irin ò dé Kétu rí.

Kí a tó lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo lọ bá Alága ní pálọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àgbà Ifọ̀ kì í fi ìkíni ṣeré, pé kó jọ̀ọ́ kó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíni ńbẹ̀, kó padà wá sí Mòwé kó wá máa yè títí ayé. Ó ní, "Pròfẹ́sọ̀, mo ti gbọ́." Ó yẹ kí n mọ̀. "Mo ti gbọ́" lẹ́nu èèyàn ńlá ò túmọ̀ sí pé ó gbà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ariwo rẹ dé etí òun, o lè máa lọ.

A wọ mọ́tò Alága: òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn, àti èmi tí wọ́n mú dání nítorí pé mo mọ ilé náà, tí mo sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì. A gba Àkútè. Nígbà tí a dé Ajuwọn, Alága ní kí gbogbo wa ṣe àmín, nítorí pé orúkọ ibẹ̀ túmọ̀ sí "a jù wọ́n", pé àwa la máa jù wọ́n. A ṣe àmín. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa síbẹ̀, ọ̀kadà jù wá lọ, kẹ̀kẹ́ márúwá jù wá lọ, ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná jù wá lọ, ó sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán láti ra ẹ̀pà.

Bàbá ń retí wa ní Ifọ̀. Ó wọ aṣọ funfun tó fúnra rẹ̀ rán, ó jókòó sórí àga tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà lé orúnkún. Ìyá àbúrò mi wà níbẹ̀, àti àwọn ẹbí díẹ̀ tí wọ́n tò sára ògiri. Alága wólẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Ó wá gbé orí sókè.

"Ẹ yè ìjókòó, sà. Ẹ yè ilé o."

Etí Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ já geere mọ́. Ó yíjú sí mi. "Kí ló wí? Ó ní kí n yẹ̀ kúrò níjòókòó?"

Mo ní rárá o, wọ́n ń kí wọn ni.

"Ìkíni nìyẹn? Inú ilé mi ni mo jókòó sí. Ibo ni n ó yẹ̀ sí?"

Bí Alága bá ti fi í síbẹ̀, tó rẹ́rìn-ín, tó sì tún wọn kí, à bá ti máa mu kóòkì. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó gbọn ekuru orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tó máa ń rín kó tó tẹ fóònù. Ó ṣàlàyé. Ó ní Bàbá má bínú, ikú ló wà nínú "ẹ kú", òun ò sì lè gbé ikú wọ ilé àna òun, ìyè lòun gbé wá. Ó sọ ti Sàró. Ó fi orúkọ mi sí i.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ìyàwó mi fi 'ẹ kú ilé' kí mi láti ọjọ́ tó wọlé mi títí ọjọ́ tó lọ. Èmi tó ń kí ló jókòó yìí. Ikú wo ló pa mí?"

Ìbéèrè yẹn ò bèèrè ìdáhùn, ọmọdé á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alága dáhùn.

"Bàbá, a kì í mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára. Ẹ wò ó, bàbá ọmọ yìí, ṣebí ọ̀dọ́ ni nígbà tó..."

Ìyàwó rẹ̀ fa agbádá rẹ̀ débi pé ọrùn aṣọ náà há a lọ́nà ọ̀fun, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Ìyá ọmọ tẹjú mọ́ ilẹ̀. Bàbá ò pariwo. Ó wo ògiri níbi tí fọ́tò ọmọ rẹ̀ wà, ó ní, bí ẹni tó ń bá fọ́tò náà sọ̀rọ̀, "Wọ́n ní ìkíni ló pa ọmọ mi." Ó wá mú fìlà kúrò lórí orúnkún, ó dé e. Níbẹ̀, bí onílé bá dé fìlà, àlejò ń lọ nìyẹn.

"Ẹ máa gbọ́," ó ní. "Ọmọ mi ò lọ sílé tí wọn kì í ti í kíni. Ọjọ́ tó bá bímọ, ta ni yóò kí i kú ewu?"

Àbúrò mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú tíréè tó fẹ́ fi gbé nǹkan mímu wá. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn wo irun orí rẹ̀ nínú dígí tíréè náà, irun tí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan dì, ó wá gbójú sókè, èmi ló wò. Ọmọkùnrin Alága ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá ti fi ọwọ́ méjèèjì ti àga láti dìde, bó bá sì dìde tó wọ yàrá lọ, ó tán.

Mo wúkọ́. Mo gbé ohùn àwọn olùkọ́ mi wọ̀, ohùn ẹni tó ti wádìí ohun tí kò sẹ́ni tó lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà." Gbólóhùn yìí ni gbogbo irọ́ tó kàwé fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwádìí tuntun ti fi hàn pé kì í ṣe "kú" làwọn baba ńlá wa ń sọ, "kún" ni. Ẹ kún fún àárọ̀. Ẹ kún fún iṣẹ́. Àdúrà ni. Ẹnu àwọn tó lọ gbé Èkó ló bá ọ̀rọ̀ náà jẹ́, wọ́n ń kánjú, wọn ò ráyè fi imú pe ìparí rẹ̀. Alága tọ̀nà pé ìyè làwọn àgbà ń gbà ládùúrà, Bàbá sì tọ̀nà pé ìkíni àtijọ́ ni, kò lábùkù.

Irọ́ ni láti orí dé ìrù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń retí kí ẹnì kan bi mí léèrè pé "ẹ kú ọ̀fọ̀" ńkọ́? Ṣé kéèyàn kún fún ọ̀fọ̀ ni? "Ẹ kú àdánù" ńkọ́? Ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà ló lè dé ibẹ̀ tó bá rò ó fún ìṣẹ́jú àáyá. Kò sẹ́ni tó rò ó.

Alága ti la ojú sílẹ̀ gbàgà. "Àkúnwọ́sílẹ̀," ó ní. "Àkúnwọ́sílẹ̀ ni, kẹ̀!"

Bàbá ti padà jókòó. "Kún ni bàbá mi máa ń pè é," ó wí. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. "Bàbá bàbá mi ló tiẹ̀ kọ́ wọn. Ẹ̀yin ará Èkó lẹ gé e kúrú."

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kú ò tíì tán, gbogbo wa mọ̀. Ìyàwó Alága ló gbà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ kó foríjì wọ́n, ẹnu ló yá ju ọpọlọ lọ. Ó sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ̀ láì gbójú kúrò. Bàbá yíjú sí Alága.

"Kí mi."

Alága tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kún ìjókòó, Bàbá. Ẹ kún ilé o."

Bàbá dáhùn, ó bọ́ fìlà, ó gbé e padà sórí orúnkún. Ó pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ó bi í bóyá ẹni tó fẹ́ nìyí, ó gbé ọwọ́ lé orí tó ti dì rí, ó súre fún un títí ohùn rẹ̀ fi há. Alága gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó fi "kún" gbàdúrà débi pé òtútù tán lára kóòkì. Nígbà tí àbúrò mi gbé tíréè dé ọ̀dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi.

"Bùrọ̀dá," ó ní, "ẹkún lẹ fún wọn yẹn o."

Mi ò tíì ronú kàn án. Mo sá fún ikú, mo bọ́ sínú ẹkún. Ẹ pè é fúnra yín kẹ́ ẹ gbọ́: ẹ kún ilé. Ẹkún ilé.

Kí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún tó parí, ẹ yè ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹ́sítéètì wa. Alága ti sọ ọ́ lórí Wásáàpù, ó ti sọ ọ́ nínú ìjọ. Àwọn aládùúgbò mi ń bá ara wọn pàdé láàárọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rín músẹ́ pín ẹkún fún ara wọn: ẹkún àárọ̀, ẹkún iṣẹ́, ẹkún ọjà. Irọ́ mi lọ síbi tí n kò lọ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Arepo fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé...?" lókè rẹ̀. Wọ́n ti fi ọba kan sí i tó dá a sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun ló wádìí rẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ní kí n kà á, bóyá mo lè rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wá ní kí wọ́n kọ ìkíni káàbọ̀ sójú géètì. Akọ̀wé pátákó tó ṣe é ò mọ àmì ohùn, Alága ní àmì ohùn ń dọ̀tí pátákó. Ohun tó wà níbẹ̀ di "E KUN ABO", lẹ́tà pupa, wọ́n ga bí ọmọdé. Alága ń kà á sí ẹ kún àbọ̀. Àbúrò mi ń kà á sí ẹkún àbọ̀, ó ní àbọ̀ ẹkún ni wọ́n fún àlejò, bó bá wọlé tán á di odidi. Àwọn ọlọ́kadà ò lọ sí ìjọ Alága, wọ́n sì ń sáré. Wọ́n wo pátákó pupa náà, wọ́n kà á bó ṣe rọrùn fún wọn: Ẹkùn Abo. Orúkọ ibùdókọ̀ wa nìyẹn dòní. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Mòwé tí ẹ ní ẹ ń lọ sí ẹ́sítéètì wa, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní Ẹkùn Abo, wọ́n á gbé yín.

Wọ́n gbéyàwó. Àbúrò mi bímọ ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣòro díẹ̀, ó bọ́ sí i. Bàbá ní òun ò ní dúró de ìsọmọlórúkọ. Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ lójú títì, ó sì gbọ́ bí ọlọ́kadà ṣe bi mí bóyá Ẹkùn Abo là ń lọ. Ó tẹ́tí. A dé géètì, níbi tí Alága ti ń dúró dè wá nínú aṣọ funfun. Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí pátákó náà.

"Bàbá bàbá mi ló pa ẹkùn yẹn," ó ní. "Abo ni lóòótọ́. Ọ̀nà Ẹ̀bùrú ló tọ̀ ọ́ dé ibí."

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alága mọ ẹni tó ní kí wọ́n kọ pátákó náà, tó sì mọ ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó mi orí. Ó ní òun ti ń fura pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Ó yọ fóònù. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá tún un sọ, ẹkùn náà sì ti tóbi sí i. Mo dúró ti àwọn méjèèjì nínú oòrùn, mo wo bí wọ́n ṣe ń bí ìtàn, kò sì rọbí rárá.

Nínú ilé, àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ti tú. Alága ló kọ́kọ́ wọlé, ó ní "Ẹ kún ewu ọmọ" fún gbogbo wa, ó fi ohùn ìjọ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Bàbá wọlé tẹ̀ lé e. Ó ti fẹ́ fi kún kí wọn, mo rí i bó ṣe ṣẹ́nu jọ láti pè é. Ó wá rí orí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú irun tó rí wúruwùru bíi ti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń dì í. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O kú ewu, ọmọ mi," ó ní. "O kú ewu o. O kú ìrọ́jú."

"Ẹ kú ewu tiwa náà, Bàbá," Alága dáhùn. Omi ti dé ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì ráyè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ kú ewu. Ọmọ rẹ̀ ní ẹ kú ewu. Àbúrò mi wò mí lórí èjìká Bàbá, ó ń dúró kí n sọ nǹkan kan.

Mo wo yàrá náà yí ká, láti ọ̀dọ̀ Bàbá dé orí ọmọ tuntun. Kò sẹ́ni tó kú.